Ámpù ló jó mi lọ́wọ́: mọ́tọ̀ àti bátìrì fún gó-kààtì tá a fọwọ́ ara wa ṣe

Sítátà ọkọ̀ ni mọ́tọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dè mọ́ férémù kààtì mi. Mo ní ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì odindi ọkọ̀, kí ni gó-kààtì kékeré fẹ́ jẹ́ lójú rẹ̀? Ó sì gbé e lóòótọ́. Ó fò yọ bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́sẹ́, ó sáré dé ìkóríta, ó padà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òórùn fánísì ara wáyà inú mọ́tọ̀ tó ń jóná fi gba ẹnu géètì kan. Mo sáré fọwọ́ kan mọ́tọ̀ náà, ó bó mi níka méjì.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan ná kó má baà di wàhálà. Ọkọ̀ là ń pè ní mọ́tò lédè wa. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ oníná tó ń yí. Kààtì, tàbí gó-kààtì, ni ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ń jókòó lé.

Sítátà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíìkì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Lórí bátìrì 12V (V, fólítì, ni agbára tó ń ti iná), ó lè máa fa ámpù (bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó) 150 sí 200 tí ẹrù bá wúwo lé e. Kò sí fáànù tó ń fẹ́ ẹ. Orí búùṣì ni irin àárín rẹ̀ sábà máa ń yí, kì í ṣe orí bíárìnì. Àwọn ògbólógbòó inú wọn tún léwu jùyẹn lọ: wọn ò ní òòfà gidi nínú, iná kan náà tó ń gba inú irin àárín kọjá ló ń ṣe òòfà fún un, nítorí náà tí ṣéènì bá já nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀, kò sóhun tó máa dá eré rẹ̀ dúró. Á máa yára sí i títí wáyà inú rẹ̀ á fi tú síta. Ẹni tó bá ní sítátà nílé, kó tọ́jú rẹ̀ fún ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń ṣa gbogbo ohun tó bá ti ń yí. Mọ́tọ̀ wáípà lágbára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo iná tó ń jẹ kò tó 100W (W, wáàtì, ni V lọ́nà ámpù). Bí ìgbín ló ṣe ń rìn. Mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ń fẹ́ 220V, ta ló fẹ́ jókòó lé irú iná bẹ́ẹ̀ lórí irin? Ọtanétọ̀ ọkọ̀, èyí tó ń gba iná kún bátìrì, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní làákàyè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ dáyọ́òdù àti rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀, tẹ́ ẹ fa wáyà mẹ́ta ti inú rẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ sì ń fún irin àárín rẹ̀ ní ámpù 3 tàbí 4 látinú 12V, kọntírólà (ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún mọ́tọ̀) lè yí i bíi mọ́tọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí irin àárín wà, nítorí náà á máa gbọ̀n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ kó tó gbéra, àti pé bíi 40W ni ẹ ó máa fi bọ́ òòfà rẹ̀ lásán. Ohun àṣeyẹ̀wò ni. Ẹni tó fẹ́ gun kààtì lọ́jọ́ Sátidé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n mú bírò. Kààtì mi, bátìrì rẹ̀ àti ẹni tó jókòó lé e, 150 kg ni gbogbo rẹ̀. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, tó bá ń sá 30 km/h, táyà tó ń yí lórí ilẹ̀ á jẹ nǹkan bíi 250W, atẹ́gùn tó ń kọjú sí i á jẹ bíi 250W mìíràn. 500W nìyẹn. Tó bá wá di òkè tó ga ní mítà 5 nínú 100, ẹ fi bíi 600W lé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó gbéra láti orí ìdúró dé 30 km/h láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, agbára tó máa béèrè lópin eré yẹn á tó 2,000W. Nítorí náà mọ́tọ̀ 1,000W tó lè ṣiṣẹ́ láìsinmi, tó sì lè fara da ìlọ́po méjì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tó fún àgbàlagbà kan. Tọ́mọdé ni, 500W kò burú.

Ibi tí ìṣirò yẹn ti wúlò jù ni ibi ámpù. Mọ́tọ̀ oníbọ́rọ́ṣì, èyí tí kábọ́nù kékeré ń fara ra irin àárín rẹ̀ láti gbé iná wọ inú rẹ̀, kì í sọ gbogbo iná tó jẹ di iṣẹ́. Bíi 78 nínú 100 ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù di ooru. Láti gun òkè yẹn ní 1,100W, bátìrì 48V á tú ámpù 29 jáde. Tó bá jẹ́ 12V ni, ámpù 117. Bẹ́ẹ̀ ooru inú wáyà kì í bá ámpù gùn ní ẹsẹ̀ kan náà: tí ámpù bá di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó bó ìka mi nìyẹn. Ìdí rèé tí mi ò fi ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ 12V mọ́ lórí kààtì, àyàfi tó bá jẹ́ ohun ìṣeré ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mọ́tọ̀ tí mo wá ra ni èyí tí wọ́n ń kọ MY1020 sí lára, 48V, 1,000W, yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Oníbọ́rọ́ṣì ni. Wáyà méjì péré ló ní; tó bá ń yí sẹ́yìn, ẹ pa wáyà méjèèjì dà. Àwọn tó ti lo aláìníbọ́rọ́ṣì máa sọ pé tiwọn dáa jù, òótọ́ sì ni: kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò ní kábọ́nù tó ń jẹ tán, ó sì máa ń fi díẹ̀ lé ní 80 nínú 100 iná tó jẹ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà nípọn-nípọn mẹ́ta àti tínrín-tínrín márùn-ún ló ń bá a wá, àwọ̀ wáyà mọ́tọ̀ kì í sì í fi dandan bá ti kọntírólà mu. Tẹ́ ẹ bá so ó lódì, á máa kùn bí ajá tó fẹ́ bu èèyàn jẹ, á gbọ̀n, á sì máa fa ámpù rẹpẹtẹ láìsí ẹrù. Ọ̀nà àbáyọ: ẹ fi àwọn tínrín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ àwọn nípọn mẹ́ta yẹn láàárín ara wọn. Mẹ́fà ni gbogbo ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà tò wọ́n. Èyí tó bá yí wẹ́rẹ́, tí ámpù rẹ̀ sì kéré jù nígbà tí táyà wà lókè, òun ni. Tó bá yí wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tó ń fa ámpù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa wá ìyókù. Èyí tó máa jó mọ́tọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara mọ́tọ̀ kì í ṣe Bíbélì. Wọ́n lè lẹ 48V mọ́ èyí tó jẹ́ 36V. Ẹ mú dírìlì tẹ́ ẹ mọ iye yíyí rẹ̀, ẹ fi í yí irin mọ́tọ̀ oníbọ́rọ́ṣì náà, kẹ́ ẹ fi mítà wọn iná tó ń ti wáyà méjèèjì jáde. Ní yíyí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ojúlówó 48V tó ń sá 3,000 á fún yín ní bíi 13 sí 15V. Tó bá jẹ́ 10V lẹ rí, 36V ni wọ́n tà fún yín. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe èyí ní ìsọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ti gba ara yín sílẹ̀.

Àṣìṣe mi kejì kò sí lára mọ́tọ̀ rárá, ara táyà ló wà. Táyà kékeré oní-28 cm ni mo kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú irin eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí: eyín 11 níwájú, lórí mọ́tọ̀, àti eyín 44 lẹ́yìn. Ẹ ṣírò ó pẹ̀lú mi: 44 pín sí 11, mẹ́rin ni, 3,000 pín sí mẹ́rin, 750. Táyà 28 cm ń gba 88 cm ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. 750 lọ́nà 88 cm, mítà 660 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi 40 km/h. Ó ń gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Kòtò ló mú kí n yọ táyà kékeré náà, mo fi táyà kẹ̀kẹ́ Màrúwà sí i, èyí tí wọ́n ń kọ 4.00-8 sí lára. Bíi 40 cm nìyẹn fẹ̀, ó ń gba 126 cm ilẹ̀. Lórí ìwé, kààtì náà yẹ kó máa sá 56 km/h. Kò dé 25 rí. Tó bá fẹ́ gbéra, á dúró, á máa ráhùn, kọntírólà á sì máa tú gbogbo ámpù 35 tó ní sínú rẹ̀. Àyípadà táyà nìkan ti mú kí mọ́tọ̀ máa gbé ẹrù tó fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì fọwọ́ kan eyín ṣéènì.

Eyín 80 lẹ́yìn ló yanjú rẹ̀. 80 pín sí 11, méje lé díẹ̀. Eré tó pọ̀ jù di 31 km/h, ṣùgbọ́n ó ń gun òkè láìjanpata, ámpù orí òkè já láti 35 sí bíi 20, ooru inú mọ́tọ̀ sì di ìdá kan nínú mẹ́ta. Tẹ́ ẹ ò bá mọ fífẹ̀ táyà yín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára àti sórí sìmẹ́ńtì, ẹ jókòó lé e kó tẹ̀, ẹ tì í títí ìlà á fi padà kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ wọn àárín wọn. Ìyẹn péye ju ohun tí wọ́n kọ sára rọ́bà lọ, nítorí táyà tó ti tẹ̀ kì í ga tó ti orí igbá.

Ní ti ṣéènì, 25H tó ń bá ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ MY1020 wá tín-ín-rín. Ó máa ń já tí ìlà rẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́. Ẹ fi rúlà irin gbọọrọ kan gbá ẹ̀gbẹ́ irin eléyín méjèèjì. Tí rúlà ò bá fara kan méjèèjì tààrà, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó wẹ́dì. T8F lágbára jù ú lọ, mo sì máa gba àwọn tó wúwo nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí eyín ọ̀kan kì í gba èkejì.

Àwọn kan máa ń tú kọntírólà, wọ́n á fi òjé kún wáyà bàbà kékeré tó tẹ̀ bí ọrun lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, kí kọntírólà lè ṣèèṣì tú ámpù jáde ju èyí tó rò lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan.

Bátìrì ló wá gba owó lọ́wọ́ mi jù. Mo kọ́kọ́ so bátìrì ọkọ̀ mẹ́rin pọ̀. Irin pẹlẹbẹ inú bátìrì ọkọ̀ tín-ín-rín, ó sì pọ̀, kó lè tú ámpù ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan kí ọtanétọ̀ sì tún un kún lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ń mu ún gbẹ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí òjé inú rẹ̀ fi ń rẹ̀ dànù sí ìsàlẹ̀. Ti ínfátà dára fún mímu gbẹ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó jẹ́ 12V 100Ah (Ah ni ámpù lọ́nà wákàtí tí bátìrì lè tú) ń wọn bíi 30 kg. Mẹ́rin rẹ̀, 120 kg. Ẹ ò ṣe kààtì mọ́, ẹ ti ṣe ọmọlanke bátìrì.

Èyí tó tàn mí jẹ jù ni kékeré inú UPS, àpótí tó ń gbé kọ̀ǹpútà tí iná bá lọ, 12V 7Ah. Mẹ́rin rẹ̀ kò ju 10 kg lọ, mo sì ṣírò pé 7Ah tó ń tú ámpù 21 á lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló lò. Nọ́ńbà 7Ah yẹn, wákàtí ogún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ní ámpù 0.35. Bátìrì òjé kì í fẹ́ kí wọ́n kán an lójú: bí ẹ bá ṣe ń yára mu ún tó ni inú rẹ̀ ń ṣófo tó. Ní ámpù 21, ìdajì ohun tí wọ́n kọ lẹ lè retí, ó sì máa ń kéré sí i.

Tó bá jẹ́ òjé lẹ fẹ́ dandan, bátìrì tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ oníná ni kẹ́ ẹ wá, èyí tí wọ́n ń kọ 6-DZM-20 sí lára. 12V 20Ah ni, bíi 7 kg ni ọ̀kan. Mẹ́rin rẹ̀ á gbé kààtì yín ní bí ìdajì wákàtí tẹ́ ẹ bá ń fọgbọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Nígbà tí mẹ́rin bá wà lórí ìlà kan, èyí tó rẹ̀ jù ló máa kọ́kọ́ gbẹ, àwọn mẹ́ta tó kù á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá ní òdì. Ó pa á nìyẹn. Bí mo ṣe ń dá èyí tó rẹ̀ mọ̀: mo gba agbára kún un, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo wọ̀n ọ́n, èyí tó dáa á wà ní bíi 12.7V. Mo wá so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ oní-55W mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí kò bá já sílẹ̀ púpọ̀ ni mo máa rà. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀ 10.5V nígbà tí gílóòbù ṣì ń tàn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá sì gùn ún tán, ẹ má jẹ́ kó sùn lófìfo. Funfun tó ń gbé orí òjé nígbà yẹn kì í fẹ́ kúrò mọ́.

Lítíọ́mù ni mo wá bọ́ sí. Ìrònú àkọ́kọ́ gbogbo wa ni sẹ́ẹ̀lì 18650, ẹyọ bátìrì kékeré roboto, inú bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù kò fẹ́ tú ju ámpù 4 lọ. Láti rí ámpù 40, mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ sì to irú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ní ìlà 13 kó tó di 48V. Sẹ́ẹ̀lì 130. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 2V nígbà tẹ́ ẹ tú u, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó bá gbóná nígbà tó ń gba iná, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gba iná kún ìyókù dé 4.2V, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ padà wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ti já wá sísàlẹ̀ 4.1V ń jò nínú. Nínú igba tí mo tú, díẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún ló kù. Èyí tí wọ́n ń tà ní tuntun tí wọ́n kọ 9,900mAh sí lára, irọ́ gbáà ni. 18650 gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ìdáná: ojúlówó ń wọn bíi 45 gíráàmù. Mo ti gbé èyí tó jẹ́ 30 rí.

Ẹ má fi áyọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé jó wáyà mọ́ orí sẹ́ẹ̀lì, ooru rẹ̀ ń ba inú jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ran irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ lò. Irin pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì kùn. Òòfà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ń fa méjèèjì. Ẹ fi sàǹpépà ha á, ẹ rì í sínú omi iyọ̀ mọ́jú: tí ìpẹtà pupa bá yọ, irin ni.

Ohun tí mo dúró lé báyìí ni lítíọ́mù oní-fóòsífétì, LiFePO4, nínú sẹ́ẹ̀lì 32650, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ iná sólà títì. 3.2V 6Ah ni ọ̀kan. Mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà 16: sẹ́ẹ̀lì 64, 51.2V, 24Ah, bíi 9 kg. Kì í yára gbiná bíi ti láàpútọ́ọ̀pù. Lójú ọ̀nà wa tó ń dúró tó ń gbéra, kààtì mi ń jẹ bíi 28Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí) lórí kìlómítà kan, nítorí náà tí mi ò bá mu ún ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, 35 km nìyẹn.

Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, BMS, ámpù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti kọntírólà lọ. Mo fi 30A sábẹ́ kọntírólà 35A. Gbogbo ilẹ̀ títẹ́jú ló gbà, ó wá di àárín òkè, ó pa iná mọ́ mi lójú, kààtì sì ń yí padà sẹ́yìn bọ̀. Bíréèkì táa fẹsẹ̀ tẹ̀ ló gbà mí. Ẹ má ṣe kààtì tó jẹ́ pé mọ́tọ̀ nìkan ni bíréèkì rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń so wáyà tín-ín-rín BMS náà, ẹ má tíì kì í bọ bọ́ọ̀dù. Ẹ wọn láti ẹnu wáyà kan sí èkejì nínú pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Bíi 3.2 sí 3.3V ló yẹ kẹ́ ẹ máa rí láàárín méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Tẹ́ ẹ bá rí 6 tàbí òdo níbìkan, ẹ ti fo ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ṣájà gba kẹ́ ẹ jókòó. Lítíọ́mù láàpútọ́ọ̀pù ìlà 13 ń fẹ́ 54.6V. LiFePO4 ìlà 16 ń fẹ́ 58.4V. Bátìrì òjé mẹ́rin ń fẹ́ bíi 58V. Ẹnu wọn bákan náà, "48V" sì ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ki ti LiFePO4 bọ ìlà 13, bíi 4.5V ló ń bọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 4.2, tí BMS bá ti yadi, kó gbiná ló kù. Èmi ti gé ẹnu ti ọ̀kan dànù, mo fi irú mìíràn sí i, kí ọwọ́ má baà ṣìṣe. Gbangba ìta, lórí sìmẹ́ńtì, ni mo ti ń gba iná. Mo mọ̀ pé aago méjì òru ni wọ́n máa ń mú iná wá, tí èèyàn á sì fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ kó padà sùn. Kí bátìrì lítíọ́mù náà ṣófo dilẹ̀ mọ́.

Wáyà: 10 mm² ó kéré tán láti bátìrì dé mọ́tọ̀. Wáyà ilé 2.5 mm² á rọ̀ bí àbẹ́là. Wáyà àwọn wẹ́dà ni mo fẹ́ràn jù, ó rọ̀, gbígbọ̀n kì í kán an, ṣùgbọ́n ẹ fi abẹ ha ìrù rẹ̀: tó bá funfun nínú, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Fíúùsì ọkọ̀ kò wà fún èyí, 32V ni ọ̀pọ̀ wọn mọ. Lórí 50V, ó lè já kí iná ṣì máa fò kọjá nínú rẹ̀. Ẹ ra bíréékà DC 63A lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ sólà, kẹ́ ẹ wo àmì + àti − lára rẹ̀, nítorí àwọn kan ò gbọdọ̀ dojú rú. Tẹ́ ẹ bá sì ń so bátìrì mọ́ kọntírólà fún ìgbà àkọ́kọ́, iná á tàn pàà lẹ́nu pílọ́ọ̀gì, á sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi rẹsítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 100 óòmù, 5W, so ẹnu wáyà bátìrì mọ́ ti kọntírólà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ki pílọ́ọ̀gì gidi bọ̀ ọ́.

Wáyà mẹ́ta ló wà lára pẹ́dàlì tá a fi ń fún kààtì níná: pupa 5V, dúdú, àti èyí tó ń gbé iṣẹ́ lọ, tó ń lọ láti bíi 0.8V sí 4V. Tí dúdú bá já, èyí tó ń gbé iṣẹ́ lọ á fò lọ sókè, kọntírólà olówó pọ́ọ́kú á sì gbà pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Kààtì á lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni bọ́tìnnì pupa ńlá fi wà ní ibi tí ọwọ́ òsì mi ti lè gbá a láìwò, tí wáyà bíréèkì sì ń pa kọntírólà. Gbogbo ìdánwò àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn 10 km àkọ́kọ́, ẹ kó sípánà jáde. Bóòtù tó di mọ́tọ̀ mú ló máa ń kọ́kọ́ tú, ṣéènì á sì dẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan kọjá orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó gùn ún, mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ wò ó ni: tí ìlà bá ti yà sí méjì, nọ́ọ̀tì yẹn ti ń lọ.